Bẹ́líìtì Ìlà Kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Bí ẹ bá ti wọ bàálù rí, ẹ ó ti bá bẹ́líìtì méjèèjì lórí àga yín níbi tí wọ́n ti gbé ọ̀kan dábùú èkejì, bí ọwọ́ ẹni tó káwọ́ gbera. Ẹ má rò pé bẹ́líìtì ló ṣe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ àga yẹn kí ẹ tó dé. Ó ti ṣa èérún búrẹ́dì kúrò ní kọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ti nu ibi tí ọmọ ọlọ́mọ bì sí, ó sì ti gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde nígbà tí ẹ̀yin ṣì ń ti ara yín níwájú. Ẹ ò kí i, torí ẹ ò rí i.

Ọ̀kan nínú wọn ni obìnrin tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ìyá Ọlọ́wọ́-Òsì ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, ó sì ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tó ti ń tún inú bàálù ṣe. Òfin ilé iṣẹ́ wọn ni pé bẹ́líìtì apá ọ̀tún ni kó wà lókè, ti òsì nísàlẹ̀. Ní ti obìnrin yìí, òsì ló ń wà lókè, yóò sì tún ti ahọ́n irin rẹ̀ bọ abẹ́ kó má baà yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Alábòójútó wọn wí títí, ẹnu rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó.

"Màámi, ọ̀tún lókè."

"Mo ti gbọ́, ọ̀gá."

Tó bá di ọjọ́ kejì, òsì náà ni. Kì í ṣe oríkunkun. Wọ́n ti na ọwọ́ òsì yẹn nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n ti fi okùn dè é mọ́ ọn lẹ́yìn, wọn ò rí i yí padà. Ṣé alábòójútó tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù kúnná ló máa wá yí i?

Ohun kejì tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni pé kò lè purọ́. Mi ò ní kí ẹ sọ ọ́ di ẹni mímọ́ o. Irọ́ ni kò gbà á. Bó bá ti fẹ́ pa á báyìí, ọrùn á bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, á máa họ ọ́ títí gbogbo ayé á fi mọ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kì í fẹ́ kó wà nítòsí bí wọ́n bá ń ṣàlàyé fún ọ̀gá ìdí tí wọ́n fi pẹ́ dé.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, obìnrin. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ nínú àwọn bàálù kan náà, òun ló ń gbé omi àti oúnjẹ fún èrò. Wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ ríra lẹ́nu iṣẹ́, torí bí ìyá bá ń jáde lẹ́yìn ni ọmọ ń wọlé níwájú. Ṣùgbọ́n ìyá máa ń fi tọ́fì kan sórí àga kékeré tí ọmọ rẹ̀ ń jókòó lé ní ìdí bàálù. Ọmọ á jẹ ẹ́, á ká bébà rẹ̀ ní mẹ́rin, á fi í síbẹ̀ kí ìyá lè bá a. Báyìí ni wọ́n ṣe ń kíra.

Ohun kan wà tí Ìyá Ọlọ́wọ́-Òsì kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàálù tí èrò ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú rẹ̀ kì í ṣófo tán. Àga ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ibi tí orí sinmi lé ṣì tẹ̀ wọnú. Nígbà mìíràn, tó bá ku òun nìkan lẹ́yìn, yóò gbọ́ kí àga kan dún níwájú bí ìgbà tí ẹnìkan dìde, bó bá sì gbójú sókè, kò ní rí ẹnìkan. Nítorí náà ó máa ń kí wọn láti ìlà dé ìlà, ní ohùn jẹ́jẹ́: "Ẹ kú ìjókòó o." Ẹ̀rù kì í bà á. Ó kàn gbà pé kò dáa kéèyàn máa rìn kọjá láìkíni.

Lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí, aago méje òwúrọ̀ ni bàálù náà gbéra. Ìyá Ọlọ́wọ́-Òsì ló tún ìdajì ẹ̀yìn ṣe, láti ìlà ogún dé ìlà ọgbọ̀n. Ẹnìkejì rẹ̀, ọ̀dọ́bìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín nítorí pé ẹnìkan ò tíì rí eyín rẹ̀ rí, ló tún ìdajì iwájú ṣe. Èrò tó wọlé kò ju mẹ́tàlélógún lọ. Wọ́n fọ́n káàkiri iwájú, ẹ̀yìn ṣófo kalẹ̀.

Wákàtí mẹ́rin lẹ́yìn náà, bàálù kan náà padà wálé. Kùrukùru ti bo pápákọ̀ tí wọ́n ń lọ mọ́lẹ̀. Awakọ̀ ti yí po lókè níbẹ̀ títí, kò rí ilẹ̀, ló bá ṣẹ́rí padà. Wọ́n ní kí èrò lọ dúró ní gbọ̀ngán, kí àwọn tó ń tún bàálù ṣe wọlé kíá, bóyá ojú ọ̀run á là kí wọ́n tún gbéra. Àfi bí ẹni pé kùrukùru ọ̀hún tẹ̀ lé wọn bọ̀. Bí Ìyá Ọlọ́wọ́-Òsì ṣe gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìn, kò rí ìyẹ́ bàálù mọ́, gbogbo fèrèsé ló funfun báláú.

Iná kékeré kan ń tàn lókè ìlà kẹtàdínlọ́gbọ̀n, èyí tí èrò máa ń tẹ̀ bó bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ wá bá òun. Ojoojúmọ́ ló ń bá irú rẹ̀, àwọn ọmọdé ló sábà máa ń fi ṣeré. Ó na ọwọ́ òsì sókè, ó pa á. Ìgbà náà ló rí ọkùnrin tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Èèyàn ńlá ni, ó fa kúbúsù dé àgbọ̀n, ó kọjú sí gíláàsì.

"Ẹ kú ìjókòó o, sà. A ti balẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo èrò lọ dúró ní gbọ̀ngán."

Kò dáhùn. Àánú rẹ̀ ṣe obìnrin náà, torí ó mọ bí oorun inú bàálù ṣe ń rí lára àgbàlagbà. Ó ní kí òun tún àwọn ìlà tó kù lẹ́yìn ṣe ná. Bó ṣe ń gbálẹ̀ ló ń bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀. Ó sọ fún un nípa kùrukùru, ó sọ fún un nípa orúnkún òun tó ń dùn bí òtútù bá mú. Ó dà bí ẹni pé ọkùnrin náà ń gbọ́. Ẹ ṣáà mọ bó ṣe ń rí lára bí ẹnìkan bá dákẹ́ láti gbọ́ ọ̀rọ̀ yín. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Kódà obìnrin náà dúró ní ìgbà kan kí ọkùnrin náà lè fèsì.

Nígbà tó padà sí ìlà náà, ó wo gíláàsì. Imú ọkùnrin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Bí ẹni tó ń mí bá sún mọ́ gíláàsì bẹ́ẹ̀, èémí rẹ̀ á bò ó. Gíláàsì yìí mọ́ kedere. Obìnrin náà pe Ẹlẹ́rìn-ín.

Dókítà pápákọ̀ dé pẹ̀lú nọ́ọ̀sì kan tó ń ya fóòtò. Wọ́n gbé ọkùnrin náà sókè láti orí àga, ó gbà wọ́n ní èèyàn mẹ́rin. Ife oníke kan yí bọ́ láti inú kúbúsù. Dókítà gbé e sójú, ó rí ẹ̀tù funfun nídìí rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì ní kí wọ́n pe ọlọ́pàá.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá jẹ́ obìnrin kan tí ọ̀fìnkìn ń bá jà, tí ìnùjú kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, ohùn rẹ̀ ti há, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ pé. Ní aago méjì, ó ti rí ẹni tó fẹ́ mú. Ọmọ Ìyá Ọlọ́wọ́-Òsì ni.

Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyí. Ọmọ náà jẹ́wọ́ pé òun lòun fún ọkùnrin náà lómi nínú ife yẹn. Ó ní ìlà kejìlá lòun ti gbé e fún un, níbi tó jókòó ti ọkùnrin kan tó wọ táì pupa, tí àwọn méjèèjì ń bára wọn sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Onítáì Pupa ní ẹnìkan ò jókòó ti òun rárá, láti ìgbà tí wọ́n gbéra títí wọ́n fi balẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì òkú náà sì gbè é lẹ́yìn, torí ìlà kẹtàdínlọ́gbọ̀n ló wà lórí rẹ̀. Àwọn èrò yòókù ti sùn, wọn ò rí nǹkan kan. Wọ́n yẹ àpò ọmọ náà wò, wọ́n bá oògùn oorun níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo àwọn tó ń fò lókè lóru lọ́sàn-án ló ń lò ó. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní bó bá di aago mẹ́rin, ọkọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá á wá gbé e. Ẹ̀sùn ìpànìyàn ni, ẹni tó bá sì ti bọ́ sínú ọkọ̀ yẹn, ọjọ́ tó máa jáde kì í ṣe lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ló wà.

Wọ́n jẹ́ kí ìyá rí i fún ìṣẹ́jú márùn-ún, nínú yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ń kọ́ ẹ̀wù òtútù sí.

"Màámi, mi ò purọ́. Ìlà kejìlá ni. Nígbà tó yá mo tún rí i tó ń rìn lọ sẹ́yìn, tó ń di àga mú bí ẹni tí oorun ń kùn."

"Mo gbà ọ́ gbọ́."

"Ẹ̀yin nìkan lẹ gbà mí gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gbogbo nǹkan ni mo ṣe bó ṣe yẹ. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún wọn, mo sì fọwọ́ sí i, pé mo yẹ bẹ́líìtì gbogbo èrò wò ká tó balẹ̀, pé ọkùnrin yẹn so tiẹ̀ lábẹ́ kúbúsù."

Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ìyá rí i pé ilẹ̀ ló ń wò.

Ó jáde lọ fọ ọwọ́. Ó tún aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ so, ó gbé okùn òsì dábùú ti ọ̀tún níwájú inú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró níbẹ̀. Ó ti rí i. Nígbà tí àwọn mẹ́rin yẹn gbé ọkùnrin náà sókè, ó ti rí i láti ibi tó dúró sí, ojú rẹ̀ ló rí i tí ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Bẹ́líìtì méjèèjì wà lórí àga lábẹ́ òkú náà. Wọ́n dábùú ara wọn, bí òun ṣe fi wọ́n sílẹ̀ láàárọ̀.

Ó bá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ níbi tó ti ń fọn imú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo fóòtò tí nọ́ọ̀sì yà."

"Màámi, mo mọ bó ṣe ń dùn yín, ọmọ yín ni. Ṣùgbọ́n..."

"Àga ni mo fẹ́ wò. Mi ò fẹ́ wo èèyàn."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wò ó, ó sì gbé fóòtò sí iwájú rẹ̀. Ó hàn kedere níbẹ̀, lẹ́sẹ̀ òkú tí wọ́n ń gbé lọ: òsì lókè ọ̀tún, wọ́n ti ahọ́n irin bọ abẹ́.

"Èmi ni mo ṣe èyí kí bàálù tó gbéra," ni Ìyá Ọlọ́wọ́-Òsì wí. "Ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí i látìgbà náà. Bàálù kì í sì gbéra láìjẹ́ pé gbogbo èèyàn so bẹ́líìtì. Bí wọ́n ṣe ń gbéra, ọkùnrin yìí ò sí lórí àga yìí."

"Ta ló sọ pé ẹ̀yin kọ́ lẹ ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n gbé e?"

"Fóòtò yín ló sọ ọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò tíì kúrò lórí àga níbẹ̀."

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní kí àwọn méjèèjì lọ wò ó. Wọ́n ti pa ẹ́ńjìnnì bàálù náà, wọ́n pa iná rẹ̀, kò sí atẹ́gùn tó ń fẹ́ nínú rẹ̀ mọ́. Ìmọ́lẹ̀ funfun tó gba fèrèsé wọlé kò fún nǹkan kan ní òjìji. Bí wọ́n ṣe ń rìn lọ sẹ́yìn, àga kan dún lẹ́yìn wọn. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yíjú padà wìì, ó fi ọwọ́ kan ìgbànú rẹ̀.

"Ẹ má dá a lóhùn," ni Ìyá Ọlọ́wọ́-Òsì wí. "Wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Gbogbo ìlà iwájú, ọ̀tún lókè, iṣẹ́ Ẹlẹ́rìn-ín. Láti ìlà ogún lọ sẹ́yìn, òsì lókè, ahọ́n irin lábẹ́, àga lórí àga, títí dé ìlà kẹtàdínlọ́gbọ̀n. Ibi tí ọkùnrin náà jókòó sí ṣì jìn wọnú, ó fẹ̀, bẹ́líìtì méjèèjì sì wà láàárín ọ̀gbun náà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn.

"Ta ló máa jókòó lé irin fún odindi wákàtí méjì tí kò ní fà á kúrò?" ni Ìyá Ọlọ́wọ́-Òsì bi í. "Àfi ẹni tí kò mọ ibi tó wà mọ́."

Wọ́n pe Ẹlẹ́rìn-ín. Ó ti tún ìlà kejìlá ṣe kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ọ̀ràn dé, kò sì sí ohun tó lè fi hàn, ṣùgbọ́n ó rántí. "Bẹ́líìtì àga méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ni mo bá ní ṣíṣí níbẹ̀," ló wí láìrẹ́rìn-ín. "Ti àga kejì ti gùn dé òpin, bíi ti aboyún ìbejì. Mo ní ta ló tóbi tó báyìí?"

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nu imú rẹ̀. Ó wá yọ ìwé tí ọmọ náà fọwọ́ sí, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Màámi, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí ọ̀rọ̀ yín yìí bá jẹ́ òótọ́, ọmọ yín ò pa á. Ṣùgbọ́n ó kọ ọ́ síbí pé òun yẹ bẹ́líìtì ọkùnrin yìí wò, pé ó wà ní síso. Èrò tó bá wà ní ìdí bàálù, òun ló ń yẹ bẹ́líìtì wọn wò. Bí bẹ́líìtì yìí ò bá kúrò lójú kan láti àárọ̀, irọ́ ló pa. Kò ṣí kúbúsù yẹn. Ká ní ó ṣí i, á rí i pé nǹkan ń ṣe ọkùnrin náà. Wọ́n máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé kí n kọ ọ́?"

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé obìnrin náà ti rí ìyẹn kó tó gun àtẹ̀gùn. Láti yàrá ẹ̀wù òtútù ló ti rí i, lójú ọmọ rẹ̀ tó ń wo ilẹ̀. Inú rẹ̀ bà jẹ́ gidi. Ọdún méje ni ọmọ náà fi wá iṣẹ́ yẹn.

"Irọ́ ló pa," ló wí. "Ẹ kọ ọ́."

Ohun tó kù kò pẹ́. Wọ́n tú àpò ìdọ̀tí tí Ẹlẹ́rìn-ín ti dì, wọ́n bá páálí oògùn kan tí kì í ṣe irú ti ọmọ náà, àmì ìka ọwọ́ Onítáì Pupa sì wà lára rẹ̀. Ọkùnrin tó kú ló ya àwòrán ilé ìwé kan tó wó lu àwọn ọmọ mọ́lẹ̀. Ilé ẹjọ́ ló ń lọ, láti lọ sọ fún wọn pé Onítáì Pupa tó kọ́ ilé náà ló yọ irin kúrò níbi tí òun ya irin sí. Onítáì Pupa bá a nínú bàálù, ó pè é wá sí ìlà kejìlá pé kí wọ́n sọ ọ́ bí ọ̀rẹ́. Nígbà tí ọkùnrin náà dìde láti gbé àpò rẹ̀ lókè, Onítáì Pupa bu oògùn sínú omi rẹ̀. Nígbà tí oorun gbé e, ó ní kó lọ na ẹsẹ̀ lẹ́yìn níbi tó ṣófo. Ká ní kùrukùru ò dá wọn padà ni, á ti pòórá lọ́hùn-ún kí ẹnikẹ́ni tó wo inú kúbúsù.

Aago mẹ́rin lù, Onítáì Pupa ni ọkọ̀ gbé lọ. Ọmọ tẹ̀ lé ìyá rẹ̀ lọ sílé. Ní ọjọ́ kẹta, ilé iṣẹ́ kọ̀wé sí i pé kó má wá mọ́.

Kò bínú sí ìyá rẹ̀. Ó ń sùn, ó ń jí, ó ń fọ abọ́, ṣùgbọ́n bí agogo ẹnu ọ̀nà aládùúgbò wọn bá dún, á ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀, á dìde dúró. Lẹ́yìn oṣù kan, ní ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan, àwọn méjèèjì jókòó sí tábìlì ní ilé ìdáná. Ọmọ ní:

"Màámi, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ wọlé láti ẹ̀yìn lọ́jọ́ yẹn."

"Èmi ni."

"Nígbà tí a ń balẹ̀, mo ti so ara mi mọ́ àga mi, mo kẹ̀yìn sí èrò. Bí a bá ti ń balẹ̀, òfin ò gbà pé kí a dìde. Mo gbọ́ agogo ìpè. Ó dún lẹ́ẹ̀kan. Ó pẹ́ díẹ̀, ó tún dún. Mo ní bóyá ọmọdé ló ń fi ṣeré, tàbí etí mi ló ń hó. Mi ò yíjú." Ó fi ìka fa ojú tábìlì. "Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ wọlé, ṣé iná ìpè rẹ̀ tàn?"

Ìyá Ọlọ́wọ́-Òsì rí iná náà. Ó rí i bó ṣe pọ́n lókè orí ọkùnrin náà nínú ìmọ́lẹ̀ funfun yẹn. Ó rí ọwọ́ ara rẹ̀ tó nà án, tó pa á, tó sì kí òkú kú ìjókòó.

"Kò tàn," ló wí.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú. Òkùnkùn ni mo bá níbẹ̀. Etí rẹ ló hó."

Ọmọ náà mí kanlẹ̀, ó gbórí lé tábìlì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, irú ẹkún tó ń mú ara fúyẹ́. Ọrùn ìyá rẹ̀ ń yún un bí ẹni pé èèrà ló ń rìn níbẹ̀, láti ẹ̀yìn etí dé èjìká. Kò họ ọ́. Ó káwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé itan lábẹ́ tábìlì, òsì lókè ọ̀tún, ó ti àtàńpàkò bọ abẹ́ kó má baà yọ̀, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí ọmọ náà fi sùn lọ.